Ìwádìí Ọkọ Ẹ̀gbọ́n Mi

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ igbe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, Bàbá mi ni mo máa ń rí, tó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé wa létí ọ̀sà, tó ń dúró de ohun tí mo fẹ́ kà fún un.

Ọdún tí àwọn sójà ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba sílẹ̀ ni. Nǹkan le. À ń tò fún epo bẹntiróòlù láti àárọ̀ dalẹ́, ẹja tí Ìyá wa ń yan lọ sí ọjà Agbalata, ńṣe ni wọ́n ń fọwọ́ kàn án, wọ́n ń kọjá. Mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta, mo ń bá ọ̀gá kan ṣiṣẹ́ ní Òtò, lẹ́bàá kọ́lẹ́ẹ̀jì, níbi tí a ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀gá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ so kọ̀ǹpútà kan mọ́ okùn tẹlifóònù, ó ní íńtánẹ́ẹ̀tì ni. Èmi tí mi ò kàwé dé ibì kan, mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i, mo sì ń fi ṣe fáàrí bí ẹni pé èmi ni mo bí i.

Nọ́ọ̀sì ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Nígbà tí owó oṣù kò jáde mọ́ ní ọsibítù tó wà, ó tẹ̀lé ìjọ kan lọ ṣiṣẹ́ ní Kẹ́ńyà. Lẹ́yìn ọdún méjì, lẹ́tà dé: òun ti rí ẹni tí òun fẹ́ fẹ́. Ọsibítù kan náà ni wọ́n wà, ọkùnrin náà ló ń yẹ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wò. Ìran Máásáì ni. Fọ́tò rẹ̀ wà nínú lẹ́tà náà, ọkùnrin gíga kan, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, awò lójú, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí oòrùn ń ta sójú.

Nílé wa, a kì í fọmọ fún ẹni tí a kò wádìí. Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá fẹ́ lọ sílé ọkọ lódìkejì ọ̀sà, Bàbá fúnra rẹ̀ ló wa ọkọ̀ lọ síbẹ̀, ó jókòó sí abúlé wọn fún ọjọ́ méjì, ó ń bá àwọn àgbà mutí, ó ń bèèrè díẹ̀díẹ̀: ṣé wọn kì í jalè, ṣé wèrè kò sí nínú ẹbí, ṣé wọn kì í na obìnrin. Bí ẹnìkan bá ti ní “wọ́n ní”, Bàbá á bi í pé ta ni “wọ́n”, ọmọ ta ni, níbo ló ti rí i. Ẹni tí kò bá lè dárúkọ ẹni tó sọ fún un, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò wọ ìwádìí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ Bàbá kò lè dé Kẹ́ńyà. Ó wò mí, ó ní, “Ìwọ tó o ní ẹ̀rọ yín mọ gbogbo ayé, lọ bá mi bi í.”

Mo tẹ orúkọ ìran náà, mo dúró. Nígbà yẹn, ìlà kọ̀ọ̀kan ni àwòrán máa ń yọ, bí ẹní tí wọ́n ń tú láti òkè wá. Ojú ìwé méjì ni mo rí. Èkíní jẹ́ ti àwọn tó ń mú òyìnbó lọ wo kìnnìún. Àwòrán kún ibẹ̀: aṣọ pupa, ọ̀kọ̀, àwọn ọkùnrin tó ń fò sókè. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ màlúù ni oúnjẹ wọn, pé ọkùnrin kò lè gbéyàwó àfi tó bá pa kìnnìún, pé wọn kì í sin òkú, inú igbó ni wọ́n ń gbé e sí fún ìkookò. Kò sí orúkọ ẹni tó kọ ọ́, àfi ibi tí àlejò yóò ti sanwó ìrìn àjò. Ìkejì kò ní àwòrán kankan. Ẹni tó kọ ọ́ fi orúkọ ara rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀ àti abúlé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ní olùkọ́ ni òun, ọmọ Máásáì, òun sì fẹ́ tún ohun tí àwọn àlejò ń kọ nípa àwọn ṣe. Mo ka ìlà mẹ́ta. Ó gùn, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì le fún mi. Mo pa á dé, mo tẹ èyí tó láwòrán jáde.

Bẹ́ẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù yẹn kan náà, bí àwọn òṣìṣẹ́ tó wá láti Èkìtì àti Ọ̀yọ́ bá ń sọ pé àwa Ègùn etí omi kì í sùn láìfi oògùn sábẹ́ ìrọ̀rí, inú máa ń bí mi. Mo máa ń bi wọ́n pé ilé ta ni wọ́n ti sùn tí wọ́n fi mọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo ń ka Gẹ̀ẹ́sì, mo ń fi Ègùn sọ ọ́ fún Bàbá, mo sì ń bu iyọ̀ sí i. Ìyá wa wo àwọn tó ń fò sókè, ó ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ilẹ̀ ibẹ̀ gbóná. A rẹ́rìn-ín. Bàbá nìkan ni kò rín. Ó gbé fọ́tò tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà náà, ó ń wo ṣẹ́ẹ̀tì, ó ń wo aṣọ pupa.

“Ta ló kọ èyí?”

“Kọ̀ǹpútà ni, Bàbá.”

“Ṣé ó ti bá wọn gbé rí?”

“Kì í purọ́.”

Ó yí bébà náà dojú dé. Lẹ́yìn náà ló ní, “Bí ọmọ mi bá kú síbẹ̀, ta ni yóò sin ín?”

Ìyá wa ní ká tún bèèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bàbá ní ẹlòmíràn wo. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Olùkọ́ yẹn wà lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n bí mo bá dárúkọ rẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé iṣẹ́ tí wọ́n rán mi, ààbọ̀ ni mo jẹ́. Mo gbé e mì. Àgbọ́ìgbọ́tán ni àwọn àgbà ń sọ pé ó ń dá ìjà sílẹ̀. Tèmi kì í ṣe àìgbọ́, àìsọ ni.

Èmi náà ni Bàbá ní kí n kọ lẹ́tà: bó bá fẹ́ ọkùnrin náà, kó má padà sílé yìí mọ́. Èsì rẹ̀ kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Ó ní òun ti gbọ́. Nígbà tí àwọn sójà fi máa lọ, ó ti padà wálé, òun nìkan, kò fẹ́ ọkùnrin náà mọ́.

Bàbá kú ní ọdún kẹrin sí i, ó gbà pé òun yọ ọmọ òun nínú ewu. Èmi kò sọ fún un. Ìgbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì wá di ti gbogbo ojú pópó, mo wá ojú ìwé olùkọ́ náà títí, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ọdún tó kọjá ni mo jẹ́wọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń ṣa edé lọ́wọ́, kò gbójú sókè. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máà bínú sí Bàbá, èmi ni.” Ó ṣa edé náà tán kó tó dáhùn.

“Ibojì ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé wọn ní Kẹ́ńyà,” ó ní. “Èmi ni mo máa ń bá a tu koríko ibẹ̀.”

Kò bú mi. Ó ní kí n bá òun gbé igbá náà wọlé. Láti ọjọ́ náà ni nǹkan kan ti ń yọ mí lẹ́nu tí mi ò tíì lè bi í. Ó kọ orúkọ ọkùnrin náà sínú lẹ́tà rẹ̀ àkọ́kọ́, èmi ni mo sì ka lẹ́tà náà sókè. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí a sọ nípa rẹ̀ nílé wa, “Máásáì yẹn” là ń pè é, mi ò sì rántí orúkọ rẹ̀ mọ́.