Don Abelardo àti Jíìpù Tó Ga Ju Ẹnu Ọ̀nà Lọ

Lọ́jọ́ tí Don Abelardo Ureña parí iṣẹ́ lórí jíìpù rẹ̀, gbogbo abúlé wa ló wá wòran. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi wà lábẹ́ ọkọ̀ náà nínú gáréèjì ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, tó ń yọ sípíríìngì àtijọ́, tó ń de tuntun, tó ń lu irin, tó ń bá irin sọ̀rọ̀. Kò jẹ́ kí mẹkáníìkì kankan fọwọ́ kàn án. Ó gbé ọkọ̀ náà sókè ní ínṣì mẹ́rin, ó wá fi táyà tó jọ ti katakata sí i lẹ́sẹ̀. Ó wọn ohun gbogbo lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹnu ọ̀nà gáréèjì nìkan ni kò wọ̀n.

Ó ṣíná sí ọkọ̀, ó juwọ́ sí wa bí olóyè, ó rọra tẹ̀ ẹ́ síwájú. Orí ọkọ̀ lọ kọlu igi òkè ẹnu ọ̀nà, gbàgà! Ó padà sẹ́yìn, ó gbìyànjú láti apá ọ̀tún, ó tún gbìyànjú láti apá òsì, bí ẹni pé igi náà máa tó gbàgbé ibi tó wà.

Ìyàwó rẹ̀, Doña Mireya, tó ń sá kọfí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ló kọ́kọ́ lahùn. "Ọkọ mi, ọkọ̀ yín ti ga jù."

"Ọkọ̀ ò ga. Ẹnu ọ̀nà ló kúrú."

Lencho Navarro, aládùúgbò rẹ̀ tí wọ́n jọ dàgbà, ní kó jo afẹ́fẹ́ táyà dànù díẹ̀, kí ọkọ̀ lè rẹlẹ̀. Don Abelardo wò ó bí ẹni tó bú u. "Kí n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbé e sókè, kí n wá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lójú gbogbo ayé lọ́jọ́ àkọ́kọ́?" Ó gbé ṣọ́bìrì. Ọjọ́ méjì ló fi gbẹ́ ilẹ̀ gáréèjì ní ipa táyà, títí jíìpù fi gba abẹ́ igi náà yọ sóde bí òkété tó ń jáde nínú ihò. A bi í pé kí ló dé tí kò kàn gé igi náà.

"Bàbá mi ló gbé igi yẹn síbẹ̀," ó ní. "Ọlọ́run ló gbé ilẹ̀ síbẹ̀. Ọlọ́run kì í tètè bínú tó bàbá mi."

Ohun tó fa gbogbo wàhálà yìí ni odò Naranjillo, tó wà láàárín abúlé wa àti ìlú Santa María. Kò ní afárá, inú omi lọkọ̀ ń gbà. Ní ọdún tó ṣáájú, tọkọtaya náà ń lọ síbi ìgbéyàwó nígbà tí ikùn jíìpù gun àpáta láàárín odò, tí kò lọ mọ́, tí kò sì bọ̀. Màlúù Lencho méjì ló fà wọ́n jáde, Doña Mireya sì wà nínú aṣọ funfun rẹ̀, omi ń ṣàn nínú bàtà. Ní gbogbo ìgbà ìkórè kọfí ọdún yẹn, Lencho ò ní ìtàn mìíràn. Ó máa ń ṣe ohùn màlúù kún un. Don Abelardo ní àwọn màlúù náà gan-an ti ń fi ojú yẹ̀yẹ́ wo òun.

Bó ṣe ránṣẹ́ ra irin ní San José, olú ìlú wa, nìyẹn. Orí bọ́ọ̀sì ni wọ́n gbé àwọn irin náà wá, wọ́n fi àpò wé wọn. Èdè àjèjì ni wọ́n fi kọ ìwé tó bá wọn wá, ṣùgbọ́n ó ní àwòrán ti tó fún ẹni tó bá lọ́pọlọ. Lẹ́yìn tó parí, Doña Mireya pè é sí ilé ìdáná.

"Ọkọ mi, bọ́ọ̀tì ọkọ̀ méjì ló kù lórí tábìlì mi yìí o."

"Wọ́n fi ìyẹn kún un fún àwọn tó bá sọ tiwọn nù ni. Èmi ò sọ ìkankan nù."

Àmọ́ bí jíìpù bá ti ń lọ, nǹkan á máa dún lábẹ́ rẹ̀: kọ̀, kọ̀, kọ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Doña Mireya ní orí ń fọ́ òun, kí ọkọ òun fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní tirẹ̀. Kò tíì dé ibẹ̀ tí Eladio, mẹkáníìkì Santa María, fi gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, tó wọ abẹ́ ọkọ̀, tó sì de bọ́ọ̀tì méjèèjì síbi tó yẹ kí wọ́n wà. Nígbà tí Don Abelardo padà dé, tó wa ọkọ̀ yíká ilé, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

"Mireya! Ṣé o gbọ́ ọ? Irin náà ti mọra! Sùúrù ni irin ń fẹ́."

"Mo gbọ́ o," ni obìnrin náà wí, ó sì bu kọfí fún un.

Títí ó fi kú, ẹnikẹ́ni ò sọ fún un. Bẹ́ẹ̀ gbogbo wa la mọ̀, torí Eladio ò lè pa ẹnu mọ́. Àṣírí kan ṣoṣo tí odindi abúlé wa pa mọ́ rí nìyẹn.

Ìyọnu mìíràn tún wà. Doña Mireya ò ga ju àpò kọfí méjì tí a tò léra lọ. Don Abelardo kan àpótí kan fún un, ó so okùn mọ́ ẹsẹ̀ àpótí náà, kí ìyàwó rẹ̀ lè fi gun jíìpù, kó sì fà á wọlé tẹ̀ lé ara rẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà, àwọn èèyàn a máa dúró wò ó. Doña Mireya ní òun rò pé òun ti gun gbogbo àtẹ̀gùn tó wà nínú ìgbéyàwó tán.

Ní oṣù kẹwàá, òjò ọjọ́ mẹ́rin ò dá. Yorleny, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ wa, bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí lọ́sàn-án, ọmọ sì dábùú. Obìnrin tó máa ń gbẹ̀bí fún wa ní apá òun ò ká a, àfi ilé ìwòsàn. Don Abelardo gbé Yorleny sínú jíìpù, Doña Mireya sì gbá a mọ́ra lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n dé etí odò, omi ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ó ń hó. Don Abelardo sọ̀ kalẹ̀, ó wo omi títí. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Lencho, tó ti sáré tẹ̀ lé wọn.

"Lencho, mi ò rí àpáta yẹn. Ìwọ lo mọ ibi tó wà. Jọ̀ọ́."

A ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Lencho ò fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ó so okùn mọ́ ìbàdí ara rẹ̀, ó so ìdí okùn mọ́ iwájú jíìpù, ó wọ odò. Ó ń fi ọ̀pá wá ilẹ̀, ó ń juwọ́ sọ́tùn-ún, sósì, jíìpù sì ń rá tẹ̀ lé e bí ọmọ tí wọ́n ń kọ́ ní ìrìn. Omi dé ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn, kò wọlé. Wọ́n gòkè. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Yorleny ti bí obìnrin, ohùn ọmọ náà sì dún ju odò lọ.

Àfi bí Don Abelardo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn náà! Lọ́dún àkọ́kọ́, omi dé iná iwájú ọkọ̀. Lọ́dún kejì, ó dé fèrèsé. Nígbà tó fi máa di ọdún karùn-ún, omi ti bo òrùlé, ẹja kan sì ti wọlé wá wo Doña Mireya lójú. Ohun kan ò yí padà ṣá: "Lencho ló wà níwájú," bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, lọ́dọọdún.

"Abelardo," ni Lencho á wí, "omi yẹn ò kọjá itan mi."

"Ìwọ lo ga jù."

Ní oṣù kìíní ọdún tó kọjá, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Don Abelardo jókòó síwájú ilé, ó gbé fìlà lé orúnkún, kò sì jí mọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi gbàdúrà fún un nílé rẹ̀, bí àṣà wa. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, bí a ṣe ń jẹ tàmáàlì, oúnjẹ àgbàdo tí wọ́n ń fi ewé wé, ìtàn bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín sì sọ, títí ó fi kan Lencho.

"Omi yẹn dé òrùlé," ni Lencho wí. "Mo wà níbẹ̀. Ẹja náà wọlé." Ẹnikẹ́ni ò jiyàn. Ó tẹ orí sórí ife kọfí rẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó gbé orí sókè.

Lencho ló ń fi jíìpù náà gbé Doña Mireya lọ sí Santa María lọ́jọ́ ọjà báyìí. Mo bi obìnrin náà lọ́jọ́ kan pé báwo ni ìwakọ̀ Lencho.

"Ó mọ ọkọ̀ wà," ó ní. "Kì í sáré. Kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lójú ọ̀nà, kì í sì í bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ó nu ọwọ́ sára épúróònù rẹ̀.

"Àmọ́ ọ̀nà yẹn ti wá gùn jù."