Bébà Tí Wọ́n Fi Wé Ẹ̀pà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ra ẹ̀pà sísun, obìnrin tó ń tà á sì fi abala ìwé ọmọ iléèwé kan wé e fún mi. Bí mo ṣe gbóòórùn ẹ̀pà lára bébà yẹn, tí mo tún rí yíǹkì pupa tíṣà níbẹ̀, àyà mi já. Ẹ̀yin ọmọ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyá yín ń bẹ̀rù ẹ̀pà. Ó dáa, ẹ jókòó.

Monróvíà, olú ìlú Làìbéríà, ni mo dàgbà sí. Ṣọ́ọ̀bù tí Màámi ti ń ta ẹ̀pà wà ní ọjà Waterside, létí odò, níbi tí aláàárù ti lè fi ẹrù gbá ọ létí kó má sì wẹ̀yìn wò. Màámi ò mọ̀wé, àmọ́ kò sí bébà tó jẹ́ ìdọ̀tí lójú rẹ̀. Ìwé tá a bá ti kọ tán, ẹ̀pà ló máa wé. Ìṣirò tí mo ti gba òdo ti rìnrìn àjò dé Logan Town ní òdìkejì odò.

Ìjọba ṣọ́jà la wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, ní bí ọdún mélòó kan kí ogun tó dé. Àwọn àgbà kì í sọ̀rọ̀ òṣèlú láìkọ́kọ́ wojú fèrèsé. Ní iléèwé wa ní Sinkor, ìwé ìtàn Amẹ́ríkà kan là ń kà, nípa ọmọ tálákà tó gbà pé ní ilẹ̀ òun, ẹni tó bá ṣiṣẹ́ yóò dé ibi gíga. Tíṣà ní ká kọ àròkọ: ǹjẹ́ ilẹ̀ náà mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ? Mo kọ ọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni, torí mo rò pé ohun tí tíṣà fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Kọ́pọ̀ ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Làìbéríà tá a jọ ń jókòó, ní rárá. Kò sì dúró sí Amẹ́ríkà. Ó ní àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti Amẹ́ríkà wá dá Làìbéríà sílẹ̀ gbé àlá kan náà wá, pé ilẹ̀kùn ṣí fún gbogbo ènìyàn, àmọ́ ṣọ́jà ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn báyìí, tó ń béèrè ẹ̀yà tí o ti wá.

Tíṣà ò fún un ní máàkì kankan. Ó rọra sọ fún un pé kó lọ sun ún lọ́jọ́ náà gan-an. Ilé wọn kún fún èrò, ló bá kó o fún mi.

"Put it in your ma coal-pot, ya. My name on it o."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé màá jó o nínú àdògán eléèédú Màámi. Àmọ́ àròkọ náà dára ju tèmi lọ, ìlara ń jẹ mí, mo sì fẹ́ tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo gbé e sórí káńtà, mo lọ kírun alásárì. Nígbà tí mo dé, abala àkọ́kọ́ ti lọ.

"Màámi, bébà tó wà níbí ńkọ́?"

"Mo ti fi wé ẹ̀pà fún ṣọ́jà kan. Ṣé o ò tíì kọ ọ́ tán ni?"

Abala tí orúkọ Kọ́pọ̀ wà lókè rẹ̀ ni. Mo sáré jáde, n ò rí ṣọ́jà náà mọ́ láàárín èrò. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Mo sun ìyókù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Kọ́pọ̀ bi mí: "You burn it?"

"I burn it."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fún mi ní ìlàjì búrẹ́dì rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí tí àyè rẹ̀ fi ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àwọn kan ní òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ ti padà sí abúlé wọn. Àwọn kan ní ọkọ̀ ṣọ́jà dúró níwájú ilé wọn láàárọ̀. Tíṣà ò béèrè rẹ̀, àwa náà ò béèrè. Bóyá ẹ̀pà yẹn ló fà á, bóyá òun kọ́, n ò mọ̀ títí dòní. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ká ní mo sòótọ́ fún Kọ́pọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tó bi mí, wọn ì bá ti ráyè sá.

Ọ̀rá ni wọ́n ń fi wé ọ̀pọ̀ nǹkan báyìí, ẹ̀yin náà sì ń kọ ohun tó wù yín sórí fóònù. Inú mi ń dùn sí i, ẹ̀rù sì ń bà mí. Àmọ́ bí ẹ bá rí mi tí mo ń tú bébà ẹ̀pà, tí mo ń kà á lókè kí n tó fẹnu kan ohunkóhun, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín mọ́. Orúkọ Kọ́pọ̀ ni mò ń wá.