Orin tí Mo Sẹ́

Gìtá ọ̀rẹ́ mi máa ń dún bí ìgbà tí èèyàn ń fi ayùn gé páànù. Bẹ́ẹ̀ gan-an la ṣe fẹ́ ẹ. Ogun abẹ́lé ti parí nígbà náà, gbogbo ọ̀dọ́ Ajégúnlẹ̀ ló sì ń dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀. Àwa méjì péré ni tiwa: òun ń ta gìtá, èmi ń lu ìlù. Ohùn mẹ́ta ló mọ̀ lórí gìtá, ariwo la fi ń bo èyí tí kò mọ̀. Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Ìjọra ló ti ń ṣiṣẹ́, kò mọ̀wé rárá. Èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà, tí mo ń ṣe akọ̀wé kékeré ní Àpápá, ni mo ń kọ ọ̀rọ̀ orin wa. Mo rò pé mo gbọ́n ju gbogbo àdúgbò lọ.

Ìjọ aláṣọ funfun kan ní Olódì-Àpápá ni àwa méjèèjì ń lọ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi obìnrin ń rọbí, wòlíì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé e lọ sí ọsibítù, pé omi àdúrà ti tó. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jẹ̀rora nínú ilé àánú, ilé tí wọ́n ń kó aláìsàn sí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Tòun tọmọ inú rẹ̀ la sin. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wòlíì ní ìgbàgbọ́ olóògbé ni kò tó. Ìbínú ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi kọ orin kan sílẹ̀, mo sì fi ẹnu kọ́ ọ̀rẹ́ mi.

Nínú ìjọ wa, ẹni tó bá fẹ́ jẹ́rìí á kọ́kọ́ dá orin, gbogbo ìjọ á sì gbè é. Ọ̀rẹ́ mi nawọ́ pé òun ní ẹ̀rí. Wọ́n jẹ́ kó gbé gìtá rẹ̀ bọ́ síwájú, èmi sì wà nídìí ìlù.

"Wòlíì ní kó má lọ ọsibítù o!"

"Àmín!" Wọ́n ti ń jó.

"Ó fomi ìgò kan wò ó sàn!"

"Àmín!"

"Ẹ wá wo ibojì tó sùn sí!"

Ibẹ̀ ni ijó ti dá. Alàgbà kan gbá mi lápá mú.

"Ìwọ ńkọ́? You sef dey inside?"

"Èmi kọ́, sà. Ìlù lásán ni mò ń lù. Mi ò tiẹ̀ mọ ohun tó fẹ́ kọ."

Ọ̀rẹ́ mi wò mí. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ̀yin bàbá. Kò mọ nǹkan kan."

Wòlíì wá bi ìjọ pé, ẹni tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀, ta ló fi irú orin yìí sí i lẹ́nu? Ó ní ẹ̀mí èṣù ni. Inú ilé àánú kan náà ni wọ́n ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é, wọn ò fún un lóúnjẹ, wọ́n sì ń fi ẹgba lé èṣù jáde lára rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, ìyá rẹ̀ wá bá mi níbi iṣẹ́. Àgbàlagbà obìnrin fẹ́ kúnlẹ̀ fún mi.

"Ọmọ mi, wòlíì ní bó bá jẹ́ èèyàn ló kọ orin yẹn, kó jáde wá, àwọn á tú ọmọ mi sílẹ̀. Ìwọ lẹ jọ ń ṣeré. Ta ló kọ ọ́?"

Ẹgba yẹn nìkan ni mò ń rí. "Mi ò mọ̀, mà. Ẹ bi òun fúnra rẹ̀."

"Mo ti bi í. Ó ní òun nìkan ni."

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, wọ́n fi ẹní wé e gbé jáde. Àwọn àgbà àdúgbò ní ẹni tó bá forí fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀. Mo bá wọn mi orí. Mo sunkún ju ẹbí lọ, àwọn èèyàn sì ń yìn mí pé mo mọ ọ̀rẹ́ ṣe.

Mo ti ní ìyàwó àtọmọ báyìí. N kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn ẹ̀sìn, n kì í sì í kọrin, kódà nínú balùwẹ̀. Ìyá ọ̀rẹ́ mi ṣì wà láyé. Mo máa ń lọ kí i lóṣooṣù. Ó máa ń fọwọ́ pa mí lórí, á ní èmi nìkan lọ̀rẹ́ tó dúró ti ọmọ òun. Mo máa ń fẹ́ sọ fún un, ṣùgbọ́n ẹnu mi kì í gbà á. Èyí tí mo kọ sílẹ̀ yìí, mo lè kọ ọ́ nítorí mo mọ̀ pé kò mọ̀wé kà.