Ọ̀rọ̀ Tí Mo Yá Olùkọ́ Bàọ́lọ́jì

Ọdún kejìdínlógún rèé tí mo ti ń tọ́jú yàrá sáyẹ́ǹsì ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Adéwọlé, ní Ìlọrin. Èmi kì í ṣe olùkọ́. Sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ka ìwé dé. Iṣẹ́ mi ni kí n fọ ìgò, kí n ka àwọn ohun èlò kí kíláàsì tó wọlé àti lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde, kí n sì lẹ orúkọ mọ́ ohun gbogbo kí ẹnikẹ́ni má baà ro pé omi ni ásíìdì. Àǹtí Lábù ni àwọn ọmọ ń pè mí. Bí ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́, ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó sí, lẹ́bàá síǹkì, n kì í sì í dá sí i. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo dá sí i, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo sì sọ.

Olùkọ́ bàọ́lọ́jì tí a ní nígbà náà kò tíì pé ogójì ọdún. Ọmọ Ìlọrin ni bàbá rẹ̀, àmọ́ Kàdúná ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló dàgbà sí. Hausa rẹ̀ dán ju Yorùbá rẹ̀ lọ. Bó bá fẹ́ sọ Yorùbá, á kọ́kọ́ dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò. Ó mọ kéwú dáadáa. Òun ló máa ń síwájú ìrun Àìlá fún wa lọ́jọ́ Àtàláátà àti Àlàmísì, inú mi sì máa ń dùn láti kírun lẹ́yìn rẹ̀ nítorí pé kì í kánjú.

Orí-ẹ̀kọ́ kan wà nínú ìwé bàọ́lọ́jì tí àwọn olùkọ́ wa máa ń bẹ̀rù. Ẹfolúṣọ̀n ni wọ́n ń pè é: bí àwọn ohun ẹlẹ́mìí ṣe ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran, tí oríṣìí kan fi ń di méjì. Wọn kò lè fò ó, nítorí pé ó máa ń jáde nínú ìdánwò àṣekágbá. Nítorí náà àṣà kan wà tí gbogbo wọn ń tẹ̀ lé. Olùkọ́ á kọ́kọ́ sọ pé, "Àwọn òyìnbó ló wí bẹ́ẹ̀. A ń kọ ọ́ fún ìdánwò, a kì í gbà á gbọ́." Àwọn ọmọ á wá kọ àúsùbíláì sí orí ojú ewé náà, kí èṣù má baà bá a wọlé, lẹ́yìn náà ni wọn á da ohun tó wà lójú pátákó kọ. Wákàtí kan, ó tán. Ọ̀rọ̀ náà kò ní yé ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò sì ní bínú.

Olùkọ́ yìí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ọlọ́run ló dá ohun gbogbo. Bí Ó ṣe dá a ni àwọn tó kọ ìwé yìí ń wádìí. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí wọ́n rí." Ó gbé àwòrán egungun apá sókè: ti ènìyàn, ti àdán, ti ẹja àbùùbùtán. Ó ní kí wọ́n ka egungun náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi náà kà á láti ẹ̀yìn. Wọ́n bára mu.

Ọmọbìnrin kan náwọ́. "Sà, ancestor tẹ́ ẹ̀ ń pè yìí ò yé mi. Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá."

Ó dúró. Ó wo àjà. Ó sọ ọ̀rọ̀ Hausa kan fún ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ló bá yíjú sí ẹ̀yìn. "Àǹtí Lábù, ẹ gbà mí o. Kí ni àwọn ará ilé ń pè é?"

"Baba ńlá," ni mo wí.

Mo fẹ́ sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yẹn fi yára dé ẹnu mi. Ní ilé-kéwú tí mo lọ ní kékeré, kí a tó bẹ̀rẹ̀ láràárọ̀, àfáà wa á na igi rẹ̀ sí wa: "Ta ni baba ńlá wa?" Gbogbo wa á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Ànọ́bì Ádámọ̀!" "Kí ni Ọlọ́run fi dá a?" "Amọ̀!" Gbogbo ọmọ Mùsùlùmí tó dàgbà ní àdúgbò wa ló ti pariwo ìdáhùn yẹn kó tó mọ bí a ṣe ń so bàtà. Àwọn ọmọ tó wà nínú kíláàsì yẹn náà ti pariwo rẹ̀. Olùkọ́ wọn nìkan ni kò mọ̀ ọ́n, nítorí pé Hausa ni wọ́n fi kọ́ òun ní kéwú ní Kàdúná.

Ó gba ọ̀rọ̀ náà tayọ̀tayọ̀. "Ẹn-ẹ́n! Baba ńlá. Àwa àti ọ̀bọ, baba ńlá kan náà la ní. Ohun tí ìwé yìí sọ nìyẹn."

Ariwo sọ nínú kíláàsì.

"Háà! Sà, ṣé Ànọ́bì Ádámọ̀ lẹ̀ ń pè lọ́bọ?"

"Èmi? Mo pe ta ni? Jókòó, jàre," ni olùkọ́ wí.

"Ẹ wo etí ẹ̀, ó ti ń yí padà o!"

"Baba ńlá tìẹ ló ń yí padà!"

"Ẹ fi baba ńlá ẹ̀ sílẹ̀, ó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí igi."

Olùkọ́ náà gbìyànjú láti ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ tó kẹ́yìn yẹn pa òun náà lẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀rín yẹn wà lára ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án nígbà tó yá.

Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo ti mọ̀ pé n kò fún un ní ọ̀rọ̀ tó yẹ. Mo lè ti sọ pé "ìpilẹ̀ṣẹ̀". Mo lè ti sọ pé "orísun". Mo fọ ìgò mẹ́rìndínlógún lọ́jọ́ yẹn, mo sì tún wọn fọ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, bàbá ọmọ kan fi ohùn ránṣẹ́ sórí wásáàpù àwọn òbí. Ó ní, "Ẹ̀yin òbí, ẹ má sùn o. Tíṣà kan wà ní ilé-ìwé àwọn ọmọ wa tó ní ọ̀bọ ni Ànọ́bì Ádámọ̀." Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Nínú gbogbo gbólóhùn tí olùkọ́ náà sọ, "ọ̀bọ" nìkan ló kù nínú eléyìí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Àtìní tó mọ́, ohùn náà ti kúrò lọ́wọ́ àwọn òbí tiwa. Ẹni tó jókòó tì mí nínú kẹ̀kẹ́ láti Post Office ń gbọ́ ọ, ó sì ń mi orí.

Àtàláátà tó tẹ̀ lé e ni ọjọ́ tí olùkọ́ náà yóò síwájú ìrun. Ó dúró síwájú, ó yíjú padà láti tún sàfú, ìlà ìrun wa, ṣe. Àwọn ọmọkùnrin náà dúró sí ẹ̀bá ògiri, wọn kò tò. Ẹnì kan láàrin wọn dún bí ọ̀bọ, ó rọra dún un, bí ẹni tó ń húkọ́. Ọkùnrin mẹ́ta péré ló tò sẹ́yìn rẹ̀: olùkọ́ ìṣirò, mẹ́gáàdì, àti ọmọ kan tí n kò mọ̀. Àwa obìnrin wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Mo rí i láti ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà pé ó ń wò wá bóyá a máa dìde. Mo ṣe bí ẹni pé àlùwàlá mi ti bàjẹ́, mo jáde. Mo pẹ́ nídìí omi títí mo fi gbọ́ sàláámà tó fi parí ìrun.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì pírínsípà. Ènìyàn mẹ́rin ló jókòó síbẹ̀: pírínsípà, ẹni tó ni ilé-ẹ̀kọ́, tó jẹ́ àfáà àgbà tí gbogbo wa ń pè ní Aláàjì, bàbá tó fi ohùn ránṣẹ́, àti olùkọ́ náà.

Aláàjì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ìyá Lábù, a mọ̀ ọ́ sí olóòótọ́. O wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀, Aláàjì."

"Ó sọ ọ́, àbí kò sọ ọ́?"

"Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nínú ohùn yẹn kọ́ ló ṣe sọ ọ́."

"Báwo ló wá ṣe sọ ọ́?"

Mo tún un sọ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀, n kò fi kún un, n kò yọ níbẹ̀: àwa àti ọ̀bọ, baba ńlá kan náà la ní.

Bàbá náà fò sókè lórí ìjókòó. "Ẹ gbọ́ o! Baba ńlá ló pè é! Ọmọ ọdún mẹ́ta mọ ẹni tó ń jẹ́ baba ńlá. Kí ló kù tí a tún ń wádìí?"

Pírínsípà yíjú sí olùkọ́ náà. "Gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú Yorùbá, kí ló dé tó fi jẹ́ baba ńlá lo mú? Níbo lo ti rí i?"

Olùkọ́ náà wo ilẹ̀. Kò wo ibi tí mo wà. "Ẹnu mi ló ti jáde, mà," ni ó wí.

Lẹ́yìn ìdáhùn yẹn, ààyè kan wà. Pírínsípà ń kọ nǹkan sílẹ̀, bàbá náà ń nu òógùn iwájú orí. Ààyè náà gba "èmi ni", kò sì béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ń sọ fún ara mi pé wọn kò bi mí. Òótọ́ ni, wọn kò bi mí. Mo rò ó pé bí mo bá la ẹnu, ohùn tó ń lọ káàkiri lórí fóònù yóò di tèmi, ọmọ mi obìnrin tó ń múra ìgbéyàwó ní oṣù kejì yóò sì di ọmọ ẹni tó pe Ànọ́bì lọ́bọ. N kò sọ ọ́. Ààyè náà sì dí.

Aláàjì kò fi ìbínú sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ò le. Dìde níwájú wa, tún kálímà rẹ ṣe, tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, kí o padà sí kíláàsì rẹ."

"Aláàjì, ẹ dákun. Mo máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn òbí. Bí ẹ bá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, mo máa kọ ọ́. Àmọ́ bí mo bá dìde tún kálímà ṣe bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ẹ̀sìn, mo ti gbà pé mo jáde nínú ẹ̀sìn nìyẹn. N kò jáde."

"Ìgbéraga lo ń ṣe."

"Kì í ṣe ìgbéraga, sà. N kò jáde ni."

Kí agogo ìparí tó dún, wọ́n ti fún un ní lẹ́tà.

Ó wá sí lábù láti dá kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù padà. Mo ní, "Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ yẹn, èmi ni mo..."

Ó dá mi dúró. "Àǹtí, ẹ fi sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sọ ọ́, àwa méjèèjì la máa lọ. Èrè wo ló wà níbẹ̀?" Ó gbá tábìlì náà lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni ń gbá ẹ̀yìn ẹṣin, ó sì lọ. Ó gbìyànjú ilé-ìwé méjì sí i ní Adéwọlé àti ọ̀kan ní GRA. Wọ́n ti gbọ́ ohùn náà kó tó dé. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún. Wọ́n kó lọ sí Kàdúná, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń ta ẹ̀yà mọ́tò, ó sì ń bá a tà á.

Èmi ni wọ́n fún ní bíléèdì láti gé orí-ẹ̀kọ́ náà kúrò nínú ìwé tó wà ní lábù. Ìwé méjìlélógún ni. Mo fi rúlà tì í, mo gé e kí etí rẹ̀ lè gún. Nígbà tí ìdánwò dé, ìbéèrè náà jáde. Àwọn ọmọ fò ó, wọ́n sì jáde wá ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀.

Ohun tó mú mi sọ̀rọ̀ níkẹyìn ni ìyìn. Ní ìpàdé òṣìṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà tó tẹ̀ lé e, pírínsípà ní kí gbogbo wa fi Àǹtí Lábù ṣe àwòkọ́ṣe, ó ní nígbà tí ọ̀rọ̀ le, mo sọ òtítọ́ láìfepo bọyọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọmọ mi ti ṣe ìgbéyàwó nígbà náà.

Mo lọ bá Aláàjì ní ọ́fíìsì rẹ̀. Mo dúró, mo sì sọ ọ́ bó ṣe rí: pé olùkọ́ náà bi mí ní ọ̀rọ̀, pé mo fún un, pé òun kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń pè wá sọ́kàn ọmọ Ìlọrin, pé èmi mọ̀ ọ́n. Mo ti múra láti lọ sílé. Mo ti kọ iye ìgò àti ìwé tó wà ní lábù sínú ìwé kan fún ẹni tó máa gbapò mi.

Aláàjì bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ìwọ lo sọ ọ́?"

"Èmi ni, Aláàjì."

"Baba ńlá?" Ó mi orí. "Yorùbá tó dáa ni. Ta ló máa bá ọ wí fún ìyẹn?" Ó nu awò náà mọ́ etí agbádá rẹ̀. "Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn? Ká ní o sọ ọ́ ni, mo lè bá bàbá yẹn sọ̀rọ̀. Màá ní ọmọ Kàdúná ni, Yorùbá rẹ̀ kò jinlẹ̀, ẹnu rẹ̀ ló ṣì í. Ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Kò sí kálímà kankan tí màá ní kó tún ṣe."

Mo ní ẹ̀rù ló bà mí.

"Ẹ̀rù kí ni?"

Mo bi í bóyá wọ́n lè pe olùkọ́ náà padà. Ó ní wọ́n ti gba ẹlòmíràn, ẹni yẹn sì ń ṣe dáadáa, àwọn òbí kò tíì rojọ́ rẹ̀. Ó gbé awò rẹ̀ padà sójú, ó fa ìwé tó ń kà mọ́ra, ó sì ní kí n rọra pa ilẹ̀kùn dé bí mo bá ń jáde, kí ooru má wọlé.