Àdúrà Tí Mo Gbà Lẹ́nu Géètì

Bọ́kẹ́ẹ̀tì tó lábùkù ni mo ń tà ní Sángò. Èyí tí ẹnu rẹ̀ wọ́, èyí tí ìdí rẹ̀ kò jókòó, èyí tí pupa àti búlúù jọ ń jà lára rẹ̀. Ríjẹ́ẹ̀tì la ń pè é. Ilé-iṣẹ́ kan l'Ọ́tà ló ń tà á fún mi lówó pọ́ọ́kú. Bí oníbàárà bá ní ó wọ́, mà á ní, "Ìwọ tó ń ṣàròyé yìí, ṣé o gún régé ni?"

Bí mo bá ti rajà tán, n kì í lọ láìṣàdúrà. Ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́, ará Ọ̀ṣun kan, á ṣí fìlà, mà á ní, "Ilé-iṣẹ́ yìí á máa tẹ̀síwájú. Ẹ ò ní pàdánù." Gbogbo wọn á ṣe àmín.

Ọlọ́run kúkú ń gbọ́.

Wọ́n mú ọkùnrin kan tó wọ awò ojú wá láti Èkó, pé kó wá tún bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ ṣe. Mo yọjú láti géètì. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan jáde ní wíwọ́, ọkùnrin náà ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ.

"Kí ló dé tó wọ́?"

Wọ́n ní ó gbóná jù.

"Kí ló dé tó gbóná jù?"

Wọ́n ní omi tó yẹ kó tù ú kò ṣàn.

"Kí ló dé tí kò ṣàn?"

Wọ́n ní páìpù dí.

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ ọdún mẹ́ta lẹ háyà wá yìí?"

Ẹ̀rín ọ̀hún kò pẹ́. Wọ́n fọ páìpù, wọ́n sì ń fọ̀ ọ́ láràárọ̀. Ọjà mi bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Mo lọ, wọ́n ní kò pọ̀. Mo tún lọ, wọ́n ní kò sí.

Mo bẹ ará Ọ̀ṣun: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ bá mi ba díẹ̀ jẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyá Oníbọ́kẹ́ẹ̀tì, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ gbàdúrà fún wa?"

Ta ni mo fẹ́ fẹjọ́ wọn sùn, pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ wọn dáadáa? Àwọn olówó ló ń fi tírélà kó èyí tó dára. Apá mi ò ká a.

Lánàá mo tún lọ, ẹsẹ̀ ló mọ̀nà. Ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n rí fún mi. Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn, n ò rí àbùkù kankan. Ará Ọ̀ṣun ní ìlà tín-ín-rín kan wà nídìí rẹ̀. Mo gbé e karí, mo fẹ́ máa lọ. Ó ti ṣí fìlà, gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wò mí lẹ́nu.

Kí n tó mọ̀, mo ti ní, "Ẹ á máa tẹ̀síwájú."

"Àmín o, màmá!"