Èédú Inú Omi Ẹja

Òjò òru ti dá kí ilẹ̀ tó mọ́, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run àdúgbò wa ní Ogida ṣì wú bí ojú ẹni tí kò sùn. Pálọ̀ ṣókùnkùn débi pé mo ní láti tan iná kí n tó rí àpótí gíláàsì tí ẹja ń gbé. Bí mo ti rí i, mo kígbe. Omi inú gíláàsì ti di aró.

Ọkọ ọmọ mi ló ni ẹja náà. Ẹyọ kan ṣoṣo ni, ó pupa bí epo. Láti ìgbà tó ti jẹ́ àpọ́n ní Ekenwan Road ló ti ń sìn ín, kó tó fẹ́ ọmọ mi. Ìdí nìyẹn tí ọmọ mi fi ń pe ẹja ní ìyálé. Lọ́sẹ̀ yẹn, nǹkan bí òwú hù sí ìyálé lára. Ẹni tó ń ta ẹja ló fún wọn ní oògùn búlúù, ó ní kí wọ́n yọ èédú kúrò nínú ẹ̀rọ tó ń fọ omi, kó má baà mu oògùn.

Nílé wa, bí ẹnìkan bá ń ṣàìsàn, kò sí ẹni tí kì í fún un ní nǹkan. Ọmọ mi kán oògùn sómi nírọ̀lẹ́ àná. Ọkọ rẹ̀ ti báǹkì dé, òun náà da tirẹ̀ sí i.

Igbe mi jí wọn, ọmọ mi sì kọjú sí ọkọ rẹ̀: "Dádì, ẹ ò bi mí!"

"Ìwọ náà ò sọ. Àbí o fẹ́ pa ìyálé ẹ ni?"

"Ẹni tó fẹ́ pa á ló ń ra oògùn fún un?"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí ẹja mí ná, kí ẹ tó jà."

Ẹja ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ọkọ ọmọ mi ní bí àwọn bá pààrọ̀ gbogbo omi lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn gan-an lè pa á. Èédú ló kù. Ó gbé e wá nínú láílọ́ọ̀nù, wóró wóró bí ọkà bàbà. Mo fọ̀ ọ́ bí ìrẹsì olókùúta títí omi rẹ̀ fi mọ́. Ó dà á sínú ọ̀pá rọ́bà tí a ń rí inú rẹ̀, ó sì rọra yí páńpù tó ń ti omi gba inú rẹ̀ kọjá.

"Màámi, èédú yìí ò gbọdọ̀ máa jó bí oníjó o. Kó kàn máa mì. Tó bá jó, á lọ ara rẹ̀, omi á dú. Ẹ bá mi wò ó."

Wọ́n lọ síbi iṣẹ́. Mo jókòó.

Ilé aláró ni wọ́n bí mi sí. Mo mọ búlúù. Tó bá ti wọ omi, o lè bomi là á, o ò lè ní kó jáde. Aṣọ ló ń gbà á, aṣọ á sì fi hàn. Ṣùgbọ́n níṣojú mi, omi ń gba àárín èédú kọjá, àwọ̀ rẹ̀ sì ń ṣí. Mo kọ́kọ́ rí òkúta ìsàlẹ̀. Nígbà tó yá, mo rí ògiri lẹ́yìn gíláàsì. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, omi ti dà bí omi òjò. Èédú dúdú bó ṣe wà. Búlúù dà? Kò sí àmì kankan lára rẹ̀. Ọwọ́ mi ni mo wò, mo rí gèlè mi níbẹ̀. N ò mọ ìgbà tí mo tú u. Olúwa, iṣẹ́ rẹ pọ̀.

Ẹja ti nà ró, ó ń fẹnu kan gíláàsì. Ọkọ ọmọ mi wọlé, kò bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Ọmọ mi dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyálé mi, ẹ kú ewu."

Wọ́n ní èédú náà ti yó, kò lè gba nǹkan mọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo gbẹ́ ihò lẹ́yìn ilé, mo dà á síbẹ̀, mo sì fi ẹsẹ̀ tẹ iyẹ̀pẹ̀ lé e, kí adìyẹ má baà ṣà á jẹ.