Ẹni Tí Kò Lè Pè Mí Lórúkọ

Ní gbogbo ọdún tí mo fi ń ṣe ìwádìí lórí ìmọ́lẹ̀ lésà, ẹni tó tọ́ka sí iṣẹ́ mi jù lọ láyé ni èmi fúnra mi. Bí mo bá ń kọ ìwé tuntun, màá kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ẹnì kan ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, pé iṣẹ́ náà sì dára gan-an. Èmi náà ni ẹnì kan ọ̀hún. Èyí kò dùn mọ́ ìgbìmọ̀ ìgbéga yunifásítì wa nínú. Wọ́n ní bí mo bá fẹ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n, àfi kí àwọn onímọ̀ mìíràn kọ orúkọ mi sínú ìwé tiwọn, kí ó lè hàn pé iṣẹ́ mi wúlò fún ẹlòmíràn.

Mo fẹ́ oyè náà, n kò ní purọ́. Iléṣà ni ilé mi wà láwọn ọdún náínítíìsì yẹn, àràárọ̀ ni mo sì ń wakọ̀ gba Òṣú kọjá lọ sí ibi iṣẹ́. Yàrá lésà wa ṣókùnkùn. Bí iná ọba bá wà, a ó ṣiṣẹ́. Bí kò bá sí, a ó jókòó sínú òkùnkùn kan náà, a ó máa sọ̀rọ̀ nípa ìmọ́lẹ̀. Ìyá mi, tí í ṣe àgbà nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, wá síbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó wo ìtànṣán pupa tín-ín-rín náà títí.

"Uná rẹ yìí, ṣé ó lè se uṣu?"

"Kò lè sè é, Màámi."

"Ṣé ó lè lọ aṣọ?"

"Kò lè lọ̀ ọ́."

Ó káàánú mi. Ó ní òun yóò máa gbàdúrà.

Ìrètí mi kan ṣoṣo ni akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan, ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé, tó ti lọ ń ṣe ìwádìí ní Jámánì. Orí iṣẹ́ tèmi ló gbé gbogbo tirẹ̀ kà. Nígbà tí ìwé rẹ̀ jáde nínú jọ́nà ńlá kan, mo sáré ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí wọ́n ń to orúkọ àwọn tí wọ́n tọ́ka sí. Orúkọ gbogbo ayé ló wà níbẹ̀, tèmi kò sí. Ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi ìdúpẹ́, ni mo ti wá rí i pé ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Wa ní Iléṣà, tí ìmọ̀ náà ti ọ̀dọ̀ wọn wá.

Ẹ̀yìn-ò-rẹyìn ni mo gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Nínú jọ́nà, orúkọ ìdílé lásán ni wọ́n ń kọ, kò sí ọ̀gbẹ́ni, kò sí dókítà, bí ìgbà tí ọlọ́pàá ń wá ènìyàn. Ọmọ tí kò pè mí lórúkọ rí láyé rẹ̀ kò jẹ́ dán irú rẹ̀ wò. Gbogbo ibi tó yẹ kó kọ orúkọ mi sí, "Bàbá Wa ní Iléṣà" ló kọ síbẹ̀. Olóòtú béèrè bóyá àlùfáà Àgùdà ni bàbá náà. Ó fèsì pé rárá o, Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n. Ni olóòtú bá kó gbogbo rẹ̀ dà sí ibi ìdúpẹ́.

Ìgbìmọ̀ ní ìdúpẹ́ kì í ṣe ìtọ́kasí. Wọ́n ní bí orúkọ mi kò bá jáde nínú jọ́nà kankan kí àwọn tó tún jókòó, kí n gbàgbé oyè. Inú bí mi gan-an.

Mo gbọ́ pé ọmọ náà ti ń kọ ìwé mìíràn, mo bá wakọ̀ lọ sí Òṣogbo, níbi tí tẹlifóònù òkè òkun ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Àwọn ènìyàn tò sẹ́yìn mi. Èmi àti ọmọ náà kò gbọ́ ara wa, àfi kí n pariwo.

"Nínú ìwé tí ò ń kọ yẹn, pè mí lórúkọ!"

"Kí lẹ wí, sà?"

"Mo ní kí o pè mí lórúkọ! Orúkọ mi gan-an!"

Ohùn ẹkún ló fi dáhùn.

"Bàbá, kí ni mo ṣẹ̀ yín? Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀."

"Fi tẹlẹ̀!" mo kígbe. "Mo ní kí o fi orí mi tẹlẹ̀!"

Bàbá kan tó wà lẹ́yìn mi, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì, fọwọ́ kàn mí léjìká.

"Ẹ fara balẹ̀, Ọ̀gá. Ẹ má tìtorí ìbínú kọ ọmọ yín."

"N kò kọ̀ ọ́, sà. Mo kàn fẹ́ kó pè mí lórúkọ ni."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó gba tẹlifóònù lọ́wọ́ mi.

"Ọmọ mi, pè wọ́n lórúkọ, jàre. Ara wọn kò yá."

Ọmọ náà gbọ́ràn. Ìwé jáde, orúkọ ìdílé mi wà níbẹ̀ lásán, ó sì ṣe mí bí ẹni tí wọ́n bọ́ṣọ lára rẹ̀ lọ́jà. Àwọn ará Jàpáàn rí i, wọ́n kọ ọ́ sínú tiwọn. Àwọn ará Rọ́ṣíà rí ti Jàpáàn, àwọn náà kọ ọ́. Mo di ọ̀jọ̀gbọ́n, mo sì jó nínú yàrá lésà títí mo fi fẹsẹ̀ kọ tábìlì.

Ìyá mi ni kò jó. Mo gbé jọ́nà náà fún un pé kó bá mi yọ̀. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó ka ibẹ̀, ojú rẹ̀ sì kọ́rẹ́ lọ́wọ́.

"Ọmọ tó jẹun nínú ulé yìí ló kọ orúkọ rẹ gbàgàdà báyìí? Tó tún kó àwọn ará Jàpáàn lẹ́yìn!"

Nígbà tí ọmọ náà wálé fún Kérésì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀ níwájú èmi àti ìyá mi. Mo ní kó dìde, pé òun ló sọ mí di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó ní àfi tí mo bá dárí ji òun. Ọkàn mi rọ̀. Kò sẹ́ni tó bọ̀wọ̀ fún mi tó o rí, òun kan náà ni mo sì fi dandan mú kó rí mi fín. Mo ní mo ti dárí jì í tọkàntọkàn, kó dìde ká jẹun.

Kò dìde.

"Ó ku díẹ̀, Bàbá," ó wí, imú rẹ̀ ṣì wà lórí kápẹ́ẹ̀tì. "Ìwé mìíràn ń jáde lóṣù tó ń bọ̀. Kò sí ojú ewé tí n kò ti pè yín lórúkọ."

"Má tíì dìde," ìyá mi wí.